Ìpè Inú Èéfín

Ẹni tó bá sọ fún yín pé iná igbó kì í jó ní Port Harcourt nítorí pé omi yí ìlú náà ká, ẹ sọ fún un pé èmi Jemilat ní irọ́ ló ń pa. Ibẹ̀ ni wọ́n bí mi. Bàbá mi, ará Ọ̀fà, bá iṣẹ́ rélùwéè débẹ̀, ó fẹ́ ìyá mi tó jẹ́ ọmọ Okrika, kò sì padà sílé mọ́. Òjò ni mo mọ̀ mọ́ ìlú náà, òjò tó ń mú kí aṣọ bu nínú àpótí. Ṣùgbọ́n ní ọdún kejì lẹ́yìn òmìnira, ọyẹ́ kan wọ̀lú tó kọ̀ tí kò lọ mọ́. Kànga gbẹ. Ètè gbogbo wa bó. Ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbẹ lórí igi, bí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i, a máa dún pàrà-pàrà bíi bébà.

Rumuola là ń gbé nígbà náà, lẹ́yìn Aba Road, níbi tí àwọn onílẹ̀ ti ń ta ilẹ̀ oko fún àwa àlejò. Ilé kan níhìn-ín, ilé kan lọ́hùn-ún, igbó àti oko ẹ̀gẹ́ láàárín wọn. Ọdọọdún làwọn àgbẹ̀ máa ń dáná sun oko kí wọ́n tó gbin iṣu, iná wọn kì í sì í kọjá ibi tí wọ́n bá ní kó dé. Lọ́dún yẹn, ó kọjá. Títí dòní kò sẹ́ni tó mọ oko tó ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé, a rí èéfín lápá Woji. Lọ́jọ́ kejì, a rí òmíràn níwájú, òmíràn lẹ́yìn. Nígbà tó fi máa di Ọjọ́rú, gbogbo èéfín ti di ọ̀kan ṣoṣo, oòrùn pọ́n roro lójú ọ̀run, àwọn adìyẹ mi sì wọ agbọ̀n lọ sùn lọ́sàn-án gangan. Ìyẹn ló kó jìnnìjìnnì bá mi. Adìyẹ kì í ṣàwàdà.

Aránṣọ ni mí. Inú ọgbà kan náà ni èmi àti Bùkọ́lá, ìyàwó Adéyẹmí, jọ ń gbé. Báǹkì ni Adéyẹmí ń bá ṣiṣẹ́ ní Township, àárín ìlú lọ́hùn-ún, kì í sì í dé kí ilẹ̀ tó ṣú. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Àǹtí Ọlábísí, ń gbé ní ìpẹ̀kun òpópónà wa, ilé tó kẹ́yìn kéèyàn tó kan oko. Ọ̀rọ̀ obìnrin méjì yìí ni mo fẹ́ sọ, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ìjà wọn.

Ẹ mọ àṣà wa. Ìyàwó kì í dárúkọ ará ilé ọkọ. Bó jẹ́ ọmọ tó ń rákò ló bá níbẹ̀, yóò wá orúkọ mìíràn fún un. Nígbà tí Bùkọ́lá dé láti Iléṣà, tó rí eyín Àǹtí Ọlábísí tó funfun bí inú àgbọn, ó sọ ọ́ ní Eyínfúnjowó. Pákò ni Àǹtí Ọlábísí ń run láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, bí ẹni tí wọ́n ń sanwó fún. Bùkọ́lá á dé ẹnu ọ̀nà, á ní, "Eyínfúnjowó mi o!" Èkejì á dáhùn nínú ilé pé, "Ẹ̀ẹ́n, ìyàwó mi!" Ó ń dùn mọ́ wọn. Èmi náà fi orúkọ yẹn pè é lọ́jọ́ kan, ó wò mí látòkè délẹ̀, ó ní, "Jemilat, ṣé àbúrò mi ló fẹ́ ìwọ náà?" N kò dán an wò mọ́.

Ìparí òjò ni ọkọ Àǹtí Ọlábísí kú. Akọ̀wé ni Adétúnjí ní ilé iṣẹ́ epo, èèyàn jẹ́jẹ́, ibà ló pa á. Lọ́jọ́ kẹjọ òkú, Bùkọ́lá se ìrẹsì àlejò, ìdí ìkòkò sì jó díẹ̀. Opó tí kò jẹun láti àárọ̀ ṣí ìkòkò náà níwájú gbogbo èèyàn, ó ní, "Iná lásán, ìyàwó mi ò mọ̀ ọ́n dá. Ṣé òkú ọkọ mi lẹ fi ń ṣe yẹ̀yẹ́?" Bùkọ́lá tó ti wà nídìí ààrò láti ìdájí ju ṣíbí sílẹ̀. Ó ní, "Ọlábísí, bí kò bá tẹ́ ọ lọ́rùn, dìde kó o lọ se òmíràn."

Ọlábísí! Kò sí àǹtí, kò sí ẹ̀yin. Opó náà kò pariwo. Ó ní, "Lẹ́nu tìrẹ, èmi kì í ṣe Ọlábísí. Títí tó o fi máa pe orúkọ tó o sọ mí, bí ilé ń jó, n kò ní dá ọ lóhùn."

Àwọn àgbààgbà ní kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Ọ̀rọ̀ ti jáde lẹ́nu ná. Láti ọjọ́ náà, wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀. Bùkọ́lá á se oúnjẹ, á bò ó dáadáa, á gbé e fún mi pé kí n gbé e lọ. Àǹtí Ọlábísí á gbà á, á jẹ ẹ́ tán, á sì bi mí pé ta ló sè é, bí ẹni pé kò mọ̀. Ọlọ́run ló mọ bí wọ́n ṣe sú mi tó, àwọn méjèèjì.

Ohun kan tún wà. Opó náà ń jókòó nínú ilé nínú aṣọ dúdú, àwọn ìyá àgbà tó wá bá a kẹ́dùn sì ti kìlọ̀ fún un pé opó kì í jẹ́ ìpè ẹni tí kò rí. Òkú ọkọ lè máa wá a kiri, wọ́n ní, ohùn tó bá wù ú ló sì lè fi pè é. Ṣọ́ọ̀ṣì wọn kò kọ́ wọn bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló ń bi ṣọ́ọ̀ṣì? Àǹtí Ọlábísí gbà á gbọ́ ju bó ṣe yẹ lọ, nítorí orúkọ rẹ̀ gan-an ni ọkọ rẹ̀ fi ń pè é nígbà ayé rẹ̀. Bí mo bá gbé ògì lọ fún un láàárọ̀, iwájú fèrèsé ni mo máa ń dúró sí títí yóò fi rí ojú mi. Bí mo bá pè é láti ìta, kí ọ̀fun mi ya, kò ní dáhùn.

Lọ́sàn-án Ọjọ́rú yẹn, Papa Dagogo gbé lọ́rì rẹ̀ dé oríta Aba Road, ó ń fun fèrè. Ọmọ Kalabari tó gbọ́ Yorùbá wa díẹ̀ ni, yanrìn ló ń fi lọ́rì náà kó, ó ti ja ogun ní Burma, ó sì gbà pé ogun ṣì ni gbogbo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láyé. Ó pín wa ní méjì-méjì. Ó ní ká lọ láti ilé dé ilé, ká pe onílé.

"Call three times," ó ní. "Nobody answer, mark the door, move! No enter house. Fire no dey wait for person."

Èmi ni mo ní ṣọ́ọ̀kì, èyí tí mo fi ń wọn aṣọ. Mo dá a sí méjì, mo fún Wahab ní ìdajì. Wahab ló ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe ní oríta, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí síbẹ̀ bíi tèmi. Òun àti Papa Dagogo gba apá òkè, níbi tí ilé Àǹtí Ọlábísí wà. Èmi àti Bùkọ́lá gba apá ìsàlẹ̀. Bùkọ́lá gbọ́ ibi tí wọ́n pín wa sí. Ó wo apá òkè, ó tún wo bàtà rẹ̀.

Mo ní, "Ìyàwó, ṣé kí n ní ká gba apá òkè?"

"Rárá, Àǹtí Jemilat. Wọ́n á mú un wá."

A bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Èéfín náà kì í ṣe èéfín ààrò tí èèyàn ń fọwọ́ lé. Ó wúwo, ó ń ta èèyàn lọ́nà ọ̀fun, kò sì jẹ́ ká rí ju ilé kan síwájú. A kì í rí iná rárá. A kàn ń gbọ́ ọ, ó ń ké ràmúràmù lẹ́yìn oko, ọparun ń bú gbàù-gbàù bí ìbọn. Eku ń sá kọjá lẹ́sẹ̀ wa lọ́sàn-án, wọn kò tiẹ̀ wojú wa. A dé ilé Comfort tó ń ta búrẹ́dì, ó ní òun ò lọ láìgbé agolo ìyẹ̀fun òun. Mo ní kó gbé e, ká wo bí búrẹ́dì ṣe máa jinná lórí rẹ̀. Ó ju agolo náà sílẹ̀. Ilé kejì, kò sẹ́nìkan níbẹ̀, ilẹ̀kùn ṣí gbayawu. Mo sàmì sí i.

Ilé tó tẹ̀ lé e ni ti Mama Boma. Ìyá àgbà ọmọ Okrika ni, ìṣáwùrú ló ń tà ní Creek Road Market, létí omi. Ẹni tí kò bá lè lọ sí ọjà á lọ kan ilẹ̀kùn rẹ̀ nílé láti rà. Boma, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ń bá ilé iṣẹ́ epo ṣiṣẹ́ nínú ẹrẹ̀ àbàtà lọ́hùn-ún níbi tí wọ́n ti ń wa epo, kì í wálé lójoojúmọ́. Ilẹ̀kùn wà ní títì. Ewúrẹ́ dúdú rẹ̀ kan wà ní síso mọ́ òpó níwájú ilé, ó ń fa okùn, ó ń ké.

"Mama Boma!" mo ké. "Mama Boma o! Mama Boma!"

Kò sí ìdáhùn.

Bùkọ́lá ní, "Á ti lọ ọjà."

Mo ní, "Ewúrẹ́ ńkọ́?"

"Ẹ̀yin náà, Àǹtí Jemilat! Ṣé ẹ fẹ́ kó gbé ewúrẹ́ lọ ta ìṣáwùrú ni?"

Ó pa mí lẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ni mo fi tú okùn ewúrẹ́ náà, tí mo gbá a ní ìdí kó lè sá lọ. Mo sàmì sí ilẹ̀kùn, àmì kedere, èmi tí ọwọ́ mi mọ́ nídìí ṣọ́ọ̀kì. A kọjá.

Nígbà tí a dé oríta, lọ́rì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Àwọn èèyàn jókòó lórí ẹrù, àwọn ọmọdé ń wúkọ́, ẹnìkan ń ka Sáàmù, ẹnìkan ń bú ẹni tó jókòó lé ìkòkò rẹ̀. Mo wò láti iwájú dé ẹ̀yìn. Mo ń wá aṣọ dúdú. N kò rí i.

"Papa Dagogo, Àǹtí Ọlábísí ńkọ́?"

"The widow? We call am. Nobody dey. I don mark the door."

"Ẹ pè é?"

Wahab dáhùn láti orí lọ́rì, ó ń nu ojú. "A pè é, Àǹtí Jemilat, mo fi Ọlọ́run búra. Èmi gan-an ni mo pè é. Mo pè é lóhùn rara: Ọlábísí! Ọlábísí! Ọlábísí! Kò sẹ́nìkan níbẹ̀."

Mo ká ọwọ́ lérí. Ohùn ọkùnrin! Nínú òkùnkùn ọ̀sán, láti inú èéfín, wọ́n fi ohùn ọkùnrin pe opó lórúkọ tí ọkọ rẹ̀ fi ń pè é, wọ́n wá ní kò dáhùn. Inú bí mi débi pé mo gbàgbé pé Papa Dagogo ju bàbá mi lọ lọ́jọ́ orí. Mo ní, "Ṣé ẹ wo inú ilé ni? Ṣé ẹ fọwọ́ kan ilẹ̀kùn? Pípè nìkan ló tó fún yín? Ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí èèyàn bí aṣọ, ẹ sì kọjá!"

Papa Dagogo kò bínú. Ó wo àwọn èèyàn inú lọ́rì, ó wo ojú ọ̀run. Ó ní òun kò lè gbé àwọn ọmọdé wọ̀nyí padà sínú iná nítorí ilé tí ẹnikẹ́ni kò dáhùn níbẹ̀. Òun máa bu omi sí ẹ́ńjìnì. Bí òun bá fun fèrè lẹ́ẹ̀mẹta, òun ti ń lọ nìyẹn.

Ibi tó ti ń sọ̀rọ̀ ni mo ti rí Bùkọ́lá. Ó ti já gèlè sílẹ̀, ó ń sáré gba òkè lọ. Èmi tẹ̀ lé e. Wahab bẹ́ sílẹ̀, ó mú irin tó fi ń yọ táyà dání, ó tẹ̀ lé wa, ó ń bẹ̀bẹ̀ bó ṣe ń sáré.

Nígbà yìí, a rí iná. Ó ti wọ oko ẹ̀gẹ́ tó wà lẹ́yìn ilé náà, kò ga, ó ń fà nílẹ̀ bọ̀, ó ń jẹ koríko gbígbẹ. Iwájú ilé ṣì dára. Fèrèsé wà ní títì, wọ́n ti fi aṣọ dí gbogbo ojú ihò rẹ̀ látinú. Àmì ṣọ́ọ̀kì mi wà lára ilẹ̀kùn, funfun báláú.

Ilẹ̀kùn ìrókò ni. Nígbà tí Adétúnjí kọ́lé, ó ní olè kò ní wọlé òun láéláé, ó fi ọ̀pá irin dábùú rẹ̀ látinú. Wahab ki irin rẹ̀ bọ etí ilẹ̀kùn, ó gbọ̀n ọ́n, ó fi ẹsẹ̀ ti ògiri. Ilẹ̀kùn náà kò mì.

Mo lu ú. Mo ní, "Àǹtí Ọlábísí! Jemilat ni o! Ẹni tó ń gbé ògì wá! Ẹ ṣílẹ̀kùn, iná ti dé!" Àbí mo ń gbọ́ mímí ẹnìkan ni, àbí iná ni? N kò mọ̀. Mo pè é ní Eyínfúnjowó pàápàá, ohùn mi há bíi ti àkùkọ. Kò sí ìdáhùn. Orúkọ yẹn, ohùn kan ló ni ín.

Fèrè dún ní oríta, ẹ̀ẹ̀kan.

Wahab ní, "Àǹtí Jemilat, kò sí níbẹ̀. Ẹ jẹ́ ká lọ. Ẹ̀mí kan ṣoṣo làwa náà ní."

Bùkọ́lá kò tíì sọ ohunkóhun. Ó dúró níwájú ilẹ̀kùn, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lé e, bí ẹni tó ń wò ó bóyá ara ọmọ gbóná. Ó wá sọ̀rọ̀, ó rọra sọ ọ́, pẹ̀lú ọ̀wọ̀: "Àǹtí Ọlábísí. Ẹ jọ̀ọ́, ma."

Inú ilé dákẹ́.

Mo mú un léjìká, mo gbọ̀n ọ́n. "Orúkọ tó o sọ ọ́ ni kó o pè! Kí ló ń dí ọ lẹ́nu? Ìgbéraga náà ni títí di ìsinsìnyí?"

Ó yíjú sí mi. Omijé àti èérú ti di ọ̀kan lójú rẹ̀. "Kì í ṣe ìgbéraga. Bí mo bá pè é, tó bá dákẹ́ ńkọ́, Àǹtí Jemilat? Bí mo bá pè é tó dákẹ́?"

Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé ẹ̀rù ló ń bà á. Mo ti rò pé oríkunkun ni, oṣù lórí oṣù. Fèrè dún lẹ́ẹ̀kejì. Ooru fẹ́ lù wá láti ẹ̀yìn ilé, páànù orí òrùlé bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Mo ní, "Pè é."

Bùkọ́lá fi ẹnu kan igi ilẹ̀kùn náà.

"Eyínfúnjowó mi o!"

Iná nìkan ni mo gbọ́. Wahab ti ń fà mí láṣọ.

"Eyínfúnjowó mi, èmi ni. Ìyàwó yín tí kò mọ iná dá ni."

Ohùn kan dáhùn lẹ́yìn ilẹ̀kùn, kò jìnnà rárá, ó ti fara ti igi ilẹ̀kùn náà gan-an. Ó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà tí a ti ń pè.

"Ẹ̀ẹ́n, ìyàwó mi."

Ọ̀pá irin ró gbà-n-gan nílẹ̀. Ilẹ̀kùn ṣí, Àǹtí Ọlábísí sì jáde nínú aṣọ dúdú, aṣọ tútù lórí rẹ̀, ojú rẹ̀ kún fún èérú, tó fi jẹ́ pé eyín yẹn nìkan la kọ́kọ́ rí. Kò kí wa, kò dúpẹ́. Ó wo Bùkọ́lá, ó ní, "Ó pẹ́ kó o tó pè mí." Bùkọ́lá bú sẹ́kún. Mo ní kí wọ́n sunkún lórí ìrìn, àbí wọ́n fẹ́ sun àwa náà mọ́ ọn ni. Wahab gbé opó náà pọ̀n, a sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ. Fèrè kẹta dún nígbà tí a rí lọ́rì. Papa Dagogo rí wa. Ó dúró.

Mo fẹ́ kí ìtàn yìí parí síbẹ̀ yẹn. Bí Bùkọ́lá bá ń sọ ọ́, ibẹ̀ ló máa ń parí rẹ̀ sí.

Wọ́n jókòó tì mí lórí lọ́rì, ìyàwó gbé orí lé èjìká ẹ̀gbọ́n ọkọ. Lọ́rì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Mo bi Àǹtí Ọlábísí pé, "Ṣé ẹ ò gbọ́ wa ni?" Mo ti mọ ìdáhùn, mo kàn fẹ́ kí Wahab náà gbọ́ ọ.

"Mo gbọ́ gbogbo yín," ó ní. "Mo gbọ́ ọkùnrin tó kọ́kọ́ wá. Mo dákẹ́ kó lè rò pé n kò sí nílé. Ó ṣe bẹ́ẹ̀, ó lọ."

Mo fẹ́ bú Wahab lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹnu mi ti ṣí. "Kó lè rò pé n kò sí nílé," ọ̀rọ̀ yẹn dá mi dúró. Ewúrẹ́ yẹn wá sí mi lọ́kàn. Ta ló ń lọ ọjà ní ọjọ́ tí igbó ń jó yí ilé ká, tó so ewúrẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún iná? Mo ti bi Bùkọ́lá ní ìbéèrè náà fúnra mi, mo sì fi ẹ̀rín dá ara mi lóhùn. Ṣé mo wo inú ilé? Ṣé mo fọwọ́ kan ilẹ̀kùn?

Mo lu orí lọ́rì pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. "Ẹ dúró! Mama Boma! Papa Dagogo, Mama Boma wà nínú ilé!"

Ó dúró. Kò bi mí ní ohunkóhun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lẹ́tọ̀ọ́ láti bi mí. Ó fi lọ́rì sílẹ̀ lójú títì, èmi, òun àti Wahab sáré wọ ìsàlẹ̀. A kò dé ẹnu ọ̀nà. Iná ti gba ẹ̀yìn ilé náà wọlé, òrùlé ti ń wó, ooru dá wa dúró bí ògiri. Ewúrẹ́ tí mo lé lọ ti padà wá. Ó dúró níwájú òpó tí wọ́n so ó mọ́ tẹ́lẹ̀, ó kọjú sí ilé, ó ń ké. Papa Dagogo pe ìyá náà títí ohùn rẹ̀ fi lọ. Kò kà á mọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ti kọjá tipẹ́.

Lẹ́yìn tí ilẹ̀ tutù, wọ́n bá a nítòsí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀.

Boma dé láti inú ẹrẹ̀ níbi iṣẹ́ nígbà tí wọ́n ti sin ín tán. Ọ̀dọ́mọkùnrin gíga ni, bàtà iṣẹ́ ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Èmi ni wọ́n ní kó wá bá, pé èmi ni mo dé ilé náà kẹ́yìn. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un bó ṣe rí, mo sọ ti ewúrẹ́, mo sọ ti ẹ̀rín. Ó gbọ́ ọ tán, kò sì pariwo mọ́ mi. Ó wu mí kó pariwo.

Ó ní, "Which name una call am?"

Mo ní, "Mama Boma."

Ó mi orí. Ó ní ibà ló dá ìyá òun gúnlẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, kò lè lọ ọjà, kò ní ìṣáwùrú kankan nílé. Ìyá náà ti ránṣẹ́ sí òun pé àwọn oníbàárà kò jẹ́ kí òun sinmi, pé bí wọ́n bá ti ń ké Mama Boma, Mama Boma lẹ́nu ọ̀nà, ńṣe lòun máa ń dákẹ́ títí wọ́n á fi lọ. Ó ní àwọn tó ń rajà nìkan ló ń pè é bẹ́ẹ̀. Nínú ilé wọn, kò sẹ́ni tó ń pè é ní Mama Boma.

Mo bi í pé kí ni wọ́n ń pè é.

"Ibiere," ó ní.

Láti kékeré tí ìyá mi ti ń rán mi lọ ra ìṣáwùrú lọ́wọ́ ìyá yẹn, títí tí èmi náà fi di àgbà, n kò bi í ní orúkọ rẹ̀ rí.